Mo ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, kóòdù tún padà: ṣé brain box ni lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Pickup ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní common rail. Tó bá ti rìn tó gbóná, pàápàá tí mo bá gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun, iná check engine á tàn, agbára ọkọ̀ á sì lọ lójijì, kò ní lè gun òkè mọ́. Tí mo bá pa á, tí mo ní sùúrù díẹ̀, tí mo tún stáàtì rẹ̀, á máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Skánnà gbé kóòdù mẹ́ta jáde: P0192, P0107 àti P0642. Wọ́n ní P0192 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn prẹ́ṣọ̀ epo nínú rail, ìyẹn páìpù tó ń pín epo fún àwọn nọ́sù tó ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì, mo sì ti pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun. Kò pẹ́ tí kóòdù náà fi padà. Rewire (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) tó ń bá mi wò ó wá ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló bàjẹ́. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á o. Ẹ má tíì ra nǹkan kan mọ́ rárá. Nínú kóòdù mẹ́ta tí ẹ kọ ránṣẹ́, èyí tí ẹ dárúkọ kẹ́yìn, tí kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ni mo gbà pé ó mú àwọn méjì yòókù dání. P0642 ń sọ pé iná fóltì 5 tí brain box ń pín fún àwọn sẹ́ńsọ̀ ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí iná yẹn bá ti wálẹ̀, gbogbo sẹ́ńsọ̀ tó ń jẹ lára rẹ̀ ni yóò máa sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àtèyí tó wà lórí rail, àtèyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, tí P0107 ń ké lé lórí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá ni.

Ohun tó ń dùn mí nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni bí wọ́n ṣe ń ka kóòdù bí ẹni ń ka orúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ lọ rà. Kóòdù kì í dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Brain box kò lójú tó fi ń rí sẹ́ńsọ̀. Fóltì tó ń gba ojú waya wọlé sí i nìkan ló ń kà. Tó bá rí iye tí kò bá èyí tí wọ́n tò sínú rẹ̀ mu, á kọ kóòdù sílẹ̀, á tan iná, ó parí. P0192 kò ju pé fóltì tó ń bọ̀ láti ọ̀nà sẹ́ńsọ̀ rail kéré ju èyí tó ṣeé gbà gbọ́. Sẹ́ńsọ̀ tó kú lè fà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fóltì 5 tí kò dé ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà lè fà á pẹ̀lú. Waya àmì tí awọ rẹ̀ ti bó tó ń fara kan irin lè fà á. Omi tó wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó ti sọ bàbà inú rẹ̀ di àwọ̀ ewé, lè fà á. Kóòdù kan náà ni gbogbo wọn yóò bí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé nọ́ńbà kóòdù ni kí ẹ máa fojú sí. Ẹ wo bí sẹ́ńsọ̀ rail kan ṣoṣo ṣe ní oríṣiríṣi kóòdù. P0190 ní wàhálà kan wà lójú ọ̀nà iná rẹ̀, kò sọ irú èyí tó jẹ́. P0191 ní fóltì náà wà láàárín ibi tó yẹ o, àmọ́ ohun tó ń sọ kò bá ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe mu. P0192 ní fóltì kéré jù, P0193 ní ó pọ̀ jù. Ẹ wá fi P0087 sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìyẹn ní prẹ́ṣọ̀ epo fúnra rẹ̀ ló kéré; brain box gba ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ gbọ́, pọ́ńpù tàbí fíltà ló ń fura sí. Ẹni tó bá rí P0087 tó lọ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ti pààrọ̀ ẹni tó ń jẹ́rìí, ẹni tó hùwà náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn kóòdù tó ní "low" tàbí "high" pẹ̀lú "circuit" nínú jẹ́ ọ̀rọ̀ iná àti waya, kí a tó ronú kan ohunkóhun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iná yìí ṣe ń rìn, torí tó bá yé yín, ẹ kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni máa méfò fún yín. Sẹ́ńsọ̀ rail ní waya mẹ́ta, sẹ́ńsọ̀ MAP tó ń wọn prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ nínú intake (ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) náà sì ní tirẹ̀, tí ìkẹrin máa ń wà tí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀ ooru afẹ́fẹ́. Waya kan ń gbé fóltì 5 wá láti brain box. Ọ̀kan jẹ́ earth, kì í sì í ṣe ara ọkọ̀ ló ń lọ, inú brain box ló ń padà sí. Ìkẹta ló ń gbé àmì lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí kò bá sí prẹ́ṣọ̀ nínú rail, àmì náà máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 0.5. Tí ẹ́ńjìnnì bá wà lórí iná láìtẹ̀ ẹ́, á gòkè sí bíi 1 sí 1.5. Tí prẹ́ṣọ̀ bá dé góńgó, á sún mọ́ 4.5. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ààyè sí ìsàlẹ̀ àti òkè ni. Tí brain box bá rí 0.1, ó mọ̀ pé kò sí prẹ́ṣọ̀ kankan tó lè mú kí sẹ́ńsọ̀ tó yè sọ bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà iná ló dàrú.

Fóltì 5 yìí, brain box kì í fún sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń ní, tí wọ́n ń pè ní A, B àti C, sẹ́ńsọ̀ mélòó kan ló sì ń so mọ́ ìlà kan. P0642 jẹ́ ti A, P0652 jẹ́ ti B, P0698 jẹ́ ti C, gbogbo wọn ló ń sọ pé fóltì wálẹ̀. Tí sẹ́ńsọ̀ kan lórí ìlà A bá ṣọ́ọ̀tì nínú, tàbí tí waya ìlà náà bá kan irin, gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà yẹn ló máa jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ńsọ̀ tuntun kò fi lè wo àìsàn yìí sàn. Ẹ wá àwòrán waya ọkọ̀ yín gan-an, ti ọdún rẹ̀ àti irú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ẹ lè mọ orúkọ gbogbo sẹ́ńsọ̀ tó ń jẹ lára ìlà A. Láìsí àwòrán yẹn, inú òkùnkùn lẹ ti máa ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan waya kankan, ẹ má pa kóòdù rẹ́. Àwọn mẹkáníìkì máa ń yára pa á rẹ́ kí iná lè kú lójú oníǹkan, èyí sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, torí pé bí ẹ bá ti pa á rẹ́, freeze frame náà ti lọ. Freeze frame ni àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí kóòdù wọlé: báwo ni omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, eré tí ọkọ̀ ń sá, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí omi gbóná dáadáa nìkan ló ń ṣẹlẹ̀, ibì kan tó sún mọ́ ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ pé kò kan ooru, ìdì waya tó ń mì lẹ máa wá. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, méjèèjì ló fara hàn.

Ẹ wo bátìrì pẹ̀lú, kò ní gbà yín ní àkókò. Tó bá ti sinmi, kó wà nítòsí fóltì 12.6, nígbà tí ẹ bá ń stáàtì rẹ̀, kó má lọ sísàlẹ̀ 9.6, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.8 sí 14.5 tàbí nítòsí ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wúwo láti yí, bátìrì tó ti rẹ̀ sì lè mú kí brain box kọ kóòdù tí kò nítumọ̀.

Iṣẹ́ gan-an wá kù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má stáàtì. Ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ MAP yọ, torí pé ọwọ́ sábà máa ń tètè tó o, kí ẹ fi mítà wọn àárín waya fóltì 5 àti earth tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ohun tí ẹ ń wá ni 4.9 sí 5.1. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 5 gééré, kí ẹ sì rò pé àìsàn ti lọ. Kò lọ. Àìsàn tó ń wá tó ń lọ kì í fara hàn fún ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi mítà sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnì kan máa wò ó, kí ẹ̀yin máa di ìdì waya mú díẹ̀díẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, ẹ máa fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ máa ti sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan síwá sẹ́yìn. Kí ẹ́ńjìnnì ti gbóná kí ẹ tó ṣe é.

Àwọn ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ lọ ni ibi tí ìdì waya ti gba orí irin tàbí bóòtù kọjá, ẹ̀gbẹ́ turbo (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì) àti kúlà EGR (èyí tó ń mú èéfín tó ń padà sínú ẹ́ńjìnnì tutù) níbi tí ooru ti ń jẹ awọ waya, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì níbi tó ti ń wọ ara ọkọ̀ (ẹ́ńjìnnì ń mì, ara ọkọ̀ dúró, waya ló ń jìyà láàárín), àti abẹ́ àwo bátìrì. Ibi tí wọ́n bá ti ṣí ẹ́ńjìnnì rí yẹ ní àyẹ̀wò méjì, torí pé waya lè há sábẹ́ bóòtù nígbà tí wọ́n ń dì í padà. Eku náà ń jẹ waya. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi omi alágbára fọ ẹ́ńjìnnì náà láìpẹ́.

Tí fóltì yẹn bá jábọ́ lójú yín, inú yín gbọ́dọ̀ dùn, ẹ ti rí i mú. Ẹ má mi nǹkan kan mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn sẹ́ńsọ̀ tó wà lórí ìlà A, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wo mítà lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan tí fóltì sì padà sí 5, sẹ́ńsọ̀ yẹn tàbí waya tó lọ bá a ló ń fà á wálẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó bá ń ṣọ́ọ̀tì nígbà tó bá gbóná nìkan, ẹ lè fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i lára, kí ẹ rí bóyá fóltì yóò tún jábọ́. Tí ẹ bá yọ gbogbo wọn tán tí fóltì ṣì wà nílẹ̀, ó ku waya fúnra rẹ̀ tàbí brain box.

Ìgbà náà nìkan ni a tó lè dárúkọ brain box, ó sì níbi tí a ń gbà mú un. Ẹ yọ orí bátìrì kúrò kọ́kọ́. Ẹ fa sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box yọ, kí gbogbo sẹ́ńsọ̀ ìlà A ṣì wà ní yíyọ, kí ẹ wá fi mítà wọn ohm láàárín waya fóltì 5 àti irin ara ọkọ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí ìbátan kankan láàárín àwọn méjèèjì. Tó bá wà, waya ló kan irin níbì kan. Ẹ tọ̀ ọ́ lọ títí ẹ ó fi rí ibẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ so brain box padà, lẹ́yìn náà orí bátìrì, kí ẹ yẹ iná àti earth tirẹ̀ wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí: ẹ fi ẹnu mítà kan sí earth brain box, èkejì sí ìdí bátìrì tí ó jẹ́ òdì. Kí ohun tí ẹ máa rí má ju 0.1 fóltì lọ. Bí iná rẹ̀ bá dé dáadáa, tí earth rẹ̀ dára, tí waya mọ́, tí kò sí sẹ́ńsọ̀ kankan tó so mọ́ ọn, síbẹ̀ tí kò lè gbé fóltì 5 jáde, nígbà náà ni mo máa gbà pẹ̀lú rewire yín. Ẹ sì mọ̀ pé brain box kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kàn kì bọ ọkọ̀. Ó mọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó sì ní nọ́ńbà ìwọ̀n nọ́sù kọ̀ọ̀kan lọ́kàn. Èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ẹlòmíràn lè máà jẹ́ kí tiyín stáàtì rárá àyàfi tí wọ́n bá tún un tò.

Nípa ọwọ́ tí ẹ fi ń ṣe é: ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún awọ waya, ojú ihò yẹn ni omi yóò gbà wọlé, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti ki ẹnu mítà tín-ínrín bọ̀ ọ́. Ẹ má fi gílóòbù ìdánwò sí waya fóltì 5, ó ń fa iná ju èyí tí ìlà náà lè gbé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ òféèfèé, ti airbag ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ kan prẹ́ṣọ̀ epo. Nínú common rail, prẹ́ṣọ̀ lè ju 1600 bar lọ. Ẹ má tú páìpù kankan láàárín pọ́ńpù ńlá, rail àti nọ́sù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò. Epo tó bá ń tú jáde níbẹ̀ ń wọ ara èèyàn. Ojú ọgbẹ́ lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kó má tilẹ̀ dunni púpọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, síbẹ̀ ó lè gba ọwọ́ tàbí ẹ̀mí lọ. Ilé ìwòsàn lẹ máa sáré lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé epo oníprẹ́ṣọ̀ ló wọ̀ yín lára.

Tó bá jẹ́ pé P0087 lẹ rí, ibòmíràn ni mi ì bá ti bẹ̀rẹ̀: fíltà epo tó dí, omi nínú epo, họ́ọ̀sì tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, fáàfù tó ń díwọ̀n epo tó ń wọ pọ́ńpù ńlá, lẹ́yìn náà nọ́sù tó ń da epo padà jù. P0299, tó ní turbo kò fẹ́ tó, họ́ọ̀sì turbo tó ya ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. P2463, èéfín dúdú ti kún inú DPF, ìyẹn fíltà tó ń sẹ́ èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ wá ohun tó ń mú kí èéfín pọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan DPF.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi, tí kò gba ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, tó sì ń mú sẹ́ńsọ̀ tí kò tíì kọ kóòdù rárá. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú. Ní òwúrọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì stáàtì, kí ẹ ṣí live data, ìyẹn ohun tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sọ lójú skánnà. Ooru omi, ooru afẹ́fẹ́ àti ooru epo gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, torí pé ohun gbogbo ti tutù pa pọ̀. Èyí tó bá yà kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n 15 tàbí 20 ni kí ẹ fura sí. Tí ẹ bá rí -40 lójú ọ̀kan, waya rẹ̀ ti já tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti yọ. Fún irú sẹ́ńsọ̀ ooru oníwaya méjì bẹ́ẹ̀, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi waya kékeré so ojú méjèèjì pọ̀: tí -40 bá fò lọ sí ooru tó ga gan-an, waya àti brain box yè, sẹ́ńsọ̀ ló kú. Ẹ má dán èyí wò lórí sẹ́ńsọ̀ oníwaya mẹ́ta o. Sẹ́ńsọ̀ MAP gbọ́dọ̀ sọ prẹ́ṣọ̀ afẹ́fẹ́ ibi tí ẹ wà, nǹkan bíi 100 kPa létí òkun, bíi 80 ní ibi tó ga tó 2000 mítà. Rail gbọ́dọ̀ wà nítòsí òdo. Tí ẹ bá wá stáàtì rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì rail máa ń dúró láàárín 250 sí 400 bar láìtẹ̀ ẹ́.

Tí ẹ bá ti rí waya tó bó, ẹ má kàn fi téèpù yí i. Ẹ gé ibi tó ti bàjẹ́, ẹ so ó pọ̀ dáadáa pẹ̀lú òjé, ẹ fi rọ́bà tó ń sún ki bò ó, kí ẹ wá dì í mọ́ ibi tí kò ti ní kan irin mọ́. Ohun tó bó waya yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé ìdì náà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó pa kóòdù rẹ́. Ẹ wa ọkọ̀ náà títí yóò fi gbóná, ẹ mú un gba ojú ọ̀nà gbágungbàgun yẹn gan-an, kí ẹ sì tún so skánnà mọ́ ọn kí ẹ wo àwọn kóòdù pending, àwọn tó ti wọlé àmọ́ tí kò tíì tan iná. Ẹ wo ìdí sẹ́ńsọ̀ tuntun náà bóyá epo ń jò níbẹ̀. Bí P0642 àti P0107 kò bá padà tí P0192 nìkan padà, fóltì 5 ti dára nìyẹn. Waya àmì láàárín rail àti brain box lẹ máa wọ̀n tẹ̀ lé e.